Aboyún Mẹ́tàlélógún Inú Agbo Mi

Abúlé Ha Motšoane,
Lẹ́yìn òkè, níbi tí ọkọ̀ ti ń yí padà.
Oṣù Kẹsàn-án.

Nthatisi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹ̀rọ ìránṣọ tó o máa ń jókòó tì láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì ọ́ gún. Kí ọ̀gá yín tó máa ń pariwo má pariwo mọ́, bí kò bá sì lè ṣe kó má pariwo, kí ohùn rẹ̀ há títí di oṣù tó ń bọ̀. Kí òtútù Maseru má wọ inú egungun rẹ, torí èyí tó wà níbí ti tó fún ìlú méjèèjì. Àwa náà wà dáadáa. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ. Ajá ń kí ọ. Ẹṣin ìbá kí ọ, oúnjẹ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó ní ọ̀rọ̀ oyún rẹ ni kí n kọ́kọ́ kọ. Ó ní láti ìgbà òtútù tó o ti ránṣẹ́ pé o lóyún, tó o sì bèèrè bóyá kí o máa bọ̀ nílé wá bímọ, bí gbogbo ọmọbìnrin ṣe máa ń wá bí àkọ́bí wọn nílé ìyá wọn, ó ti pé oṣù mẹ́ta, n kò tíì dá ọ lóhùn ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní ṣùgbọ́n lẹ́tà ní bó ṣe ń lọ, ìròyìn ilé ló máa ń ṣáájú, àwọn àgùntàn sì ń bímọ lọ́wọ́. Ó wò mí, ó ní ó dáa, kí n máa yí òkè náà po, pé ibi tí mò ń sá fún náà ni ẹsẹ̀ mi máa já sí.

Ìwọ náà mọ ohun tó dí mi lẹ́nu. Kì í ṣe oyún, oyún kì í ṣe àìsàn. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó fún ọ lóyún kò rán ẹnikẹ́ni wá. Kò sí màlúù owó orí, kò sí ẹ̀gbọ́n bàbá kan tó wá jókòó sí àgbàlá mi, kó ṣí fìlà, kó ní àwọn wá tọrọ ọmọ. Bó o bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo abúlé á wo inú rẹ, wọ́n á sì wo ojú mi. Ìyẹn ni. Mo ti kọ ọ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sórí àgùntàn.

Abo àgùntàn mẹ́tàlélógún ló lóyún lọ́dún yìí, mẹ́sàn-án ti bí. Yìnyín tó yẹ kó ti lọ tún padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà rẹ̀, nítorí náà n kì í jìnnà sí ọgbà. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, mo máa ń nu imú rẹ̀, mo máa ń fi oògùn pupa tó ń ta ni lára sí ìdodo rẹ̀, mo sì máa ń fún ọmú ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ohun tó dí i lẹ́nu lè bọ́, torí omi ọmú àkọ́kọ́ yẹn, bí ọmọ kò bá rí i mu kí ara rẹ̀ tó tutù, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó kéré jù ni mo wọ aṣọ fún. Ẹ̀wù òtútù ilé ìwé rẹ, èyí aláwọ̀ ewé, mo gé apá rẹ̀ méjèèjì, apá kan fún ọmọ kan, ara ẹ̀wù fún ẹ̀kẹta. Inú ìyá rẹ kò dùn sí i. Ó ní òun fi ẹ̀wù náà pamọ́ ni. Mo bi í pé kí ló ń fi í pamọ́ dè, ó kàn ń fọ àwo tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Pulane tìrẹ náà wà nínú àwọn tó lóyún. Pulane tí mo fà lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó o jáde ilé ìwé, tó o fi sílẹ̀ nígbà tó ò ń lọ, tó o ní kí n bá ọ wò ó dáadáa. Ó ti dàgbà, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ, inú rẹ̀ lọ́dún yìí sì tóbi débi pé ẹ̀gbẹ́ ló ń fi wọ ẹnu ọ̀nà. Òun ni mò ń bẹ̀rù jù. Màá dé ibẹ̀.

Fóònù tó o fi ránṣẹ́ sí mi wà láàyè. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ọgbà nìkan ló ti máa ń gbọ́ràn, nítorí náà ibẹ̀ ni mo kọ́lé fún un, òkúta mẹ́ta àti páànù kan. Àràárọ̀ ni mo máa ń lọ kí i. Ṣùgbọ́n ó ti ń rí mi fín o. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pé ìrántí ti kún. Ìrántí ta ni? Èmi tí mo mọ ìyá àti ìyá-ìyá gbogbo àgùntàn tó wà nínú agbo yìí! Mo gbé e lọ bá tíṣà, tíṣà ní kí n pa àwòrán díẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà. Mo wo inú rẹ̀, àgùntàn ni gbogbo wọn, ikùn wọn rí róńdó-róńdó. Mo bi tíṣà pé irú ènìyàn wo ló ń pa aboyún rẹ́. Bó o bá rí ìrántí rà ní Maseru, bá mi ra díẹ̀, kó má tóbi ju èyí tó lè wọ àpò lọ.

Fóònù yìí náà ló fa ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ forúkọ agbo mi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn. Akọ̀wé gba nọ́ńbà mi, ó ní ìjọba máa kọ̀wé bi mí léèrè nǹkan. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, fóònù dún, mo gun àpáta, mo sì rí i pé ìjọba ti kọ̀wé lóòótọ́. Kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́, torí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ jọ̀wọ́. Ó ní ẹ jọ̀wọ́, olórí ilé, aboyún mélòó ló wà lábẹ́ ìtọ́jú yín? Inú mi dùn. Mo ní ìjọba tó ń pe àgùntàn ní aboyún, ìjọba tó láájò nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé mẹ́tàlélógún ni. Fóònù dákẹ́ díẹ̀. Mo rò pé ó ń kà wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà sì ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìka mi fi kú. Ó ní kí n kọ orúkọ wọn, mo kọ gbogbo rẹ̀, Pulane ló ṣáájú, Seipati ló tẹ̀ lé e. Ó ní ṣé wọ́n ní ọkọ, mo ní ọkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, Pheello lorúkọ rẹ̀, oṣù kẹrin ló dé, ó parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ìgbà náà kò ṣe nǹkan kan mọ́ ju kó máa jẹun kó sì máa fi orí kan ènìyàn nídìí lọ. Ó ní níbo ni wọ́n máa bímọ sí, mo ní ẹ̀yìn ògiri òkúta, àfi bí yìnyín bá pọ̀ ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n wọ ilé ìdáná. Ó ní ta ni yóò gbẹ̀bí wọn, mo ní èmi ni. Ó ní kí ni wọ́n ń jẹ, mo ní koríko gbígbẹ, àti iyọ̀ tí wọ́n jọ ń lá. Ó ní ṣé wọ́n ń mu tábà tàbí ọtí, mo ní kò sí ẹni tó ń mu tábà nínú wọn, ṣùgbọ́n Seipati jẹ àpò tábà mi lódindi lọ́jọ́ Àìkú, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ó ní ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń sinmi lẹ́yìn ìbímọ, mo ní ọjọ́ kan, ní ọjọ́ kejì wọ́n ń gun òkè. Ìyẹn tó kẹ́yìn ní bí ìyá kan bá kọ ọmọ rẹ̀ ńkọ́. Mo ní mo máa ń so ó mọ́ òpó fún ọjọ́ mẹ́ta títí yóò fi gbà á. Bí mo ṣe parí, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, orí mi wú, mo sọ fún ìyá rẹ pé èmi àti ìjọba ti di ọ̀rẹ́.

Ìyá rẹ ń bi mí pé ibo ni mo kọ ọ́ dé. Mo ní ibi àgbò. Ó ní ọ̀nà ṣì jìn.

Àgbò náà, kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ìgbà tó o wà nílé kò tíì sí. Ọ̀dọ̀ Pheello aládùúgbò wa ni mo ti yá a. Ìgbà tó dé, mo rí i pé iwájú orí òun àti Pheello kan náà ni, ìrìn wọn sì kan náà ni, wọ́n ń rìn bí olóyè tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹ. Mo bá fi orúkọ ẹni tó ni ín pè é. N kò rò pé ó lè fa wàhálà.

Ọjọ́rú tó kọjá ni nọ́ọ̀sì dé. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, kò ga ju èjìká ẹṣin rẹ̀ lọ, Keneuoe lorúkọ rẹ̀, ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ odò ló ti wá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì tẹ̀ lé e, wọ́n ru ọṣẹ, wọ́n ru aṣọ ìnura, wọ́n sì ru fìlà ọmọ tuntun mẹ́tàlélógún. Ilé Pheello ló kọ́kọ́ kàn. Ìyá Tumelo, ìyàwó Pheello, ń ro papa àgbàdo lọ́wọ́ níwájú ilé. Nọ́ọ̀sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi í pé ṣé ibí ni ilé Pheello, ọkọ àwọn aboyún mẹ́tàlélógún tó wà lọ́dọ̀ bàbá Nthatisi. O mọ Ìyá Tumelo. Ó ní kí nọ́ọ̀sì tún un sọ. Nọ́ọ̀sì tún un sọ. Ó ní mẹ́tàlélógún? Nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Tumelo yọ igi kúrò nínú ìkòkò papa, kò tilẹ̀ dúró nù ún.

Èmi wà nínú ọgbà, mo kúnlẹ̀ ti Pulane, ni mo bá gbọ́ ariwo. Mo gbé ojú sókè, mo rí Pheello tó ń sáré bọ̀ láti òkè, bàtà òjò kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, papa ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbi mẹ́rin, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igi, nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn wọn lórí ẹṣin, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fara balẹ̀, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Pheello ní lórúkọ Ọlọ́run, kí ni mo lọ sọ fún ìjọba nípa òun. Mo ní èmi kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, Pheello kejì ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ràn án lọ́wọ́. Ìyá Tumelo ní hẹ̀n-ẹ́n, wọ́n tilẹ̀ pé méjì! Ó tún gbé igi sókè. Mo bá kígbe pe Pheello, àwọn méjèèjì sì dá mi lóhùn, ọ̀kan ní kí ló tún dé, èkejì ké bẹ̀ẹ̀, ó fi koríko sílẹ̀, ó sì ń rìn bọ̀ tòun ti ìrìn olóyè rẹ̀.

Ìyá Tumelo wo àgbò. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó tún wo àgbò. Igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sínú yìnyín, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀, ó ní òótọ́ kúkú ni, iwájú orí wọn kò yàtọ̀, pé ká ní òun mọ̀, àgbò ni òun ì bá fẹ́, òun ló níṣẹ́ lọ́wọ́. Pheello kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó bi mí pé Ntate, bàbá mi, àwọn obìnrin náà dà? Mo ṣí ọgbà fún un. Ó wo inú ọgbà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wọ apá ẹ̀wù ilé ìwé rẹ wá gbóòórùn bàtà rẹ̀. Ó ní wákàtí mẹ́rin ni òun fi gun ẹṣin nínú yìnyín. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin tí wọ́n so mọ́ òpó. Ojú tì mí, Nthatisi, n kò mọ ibi tí mo máa wò. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, ni Pulane bá ké.

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti ń rọbí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ, èkejì kò tẹ̀ lé e, orí kò sì sí níbi tó yẹ kó wà. Mo ti fi ìka kàn án dé ibi tí ìka mi lè dé: orí ọmọ náà yí sẹ́yìn, ó kọjú sí ìhà ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń bínú. Ọwọ́ mi kò wọlé. O mọ ọwọ́ mi. Ọwọ́ ìyá rẹ ìbá wọlé, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ ti wú láti ìgbà òtútù, kò lè ká ìka. Ọwọ́ Pheello kò yàtọ̀ sí tèmi, Ìyá Tumelo sì ṣì ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa bá yíjú sí nọ́ọ̀sì, a ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ.

Ó ní rárá o. Ó ní ènìyàn ni wọ́n kọ́ òun, wọn kò kọ́ òun ní àgùntàn. Ìyá rẹ ló dá a lóhùn. Ó ní ọmọ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, orí èyí sì ti wọ́ kó tó dé ọjà. Ó ní bó o bá mọ bí wọ́n ṣe ń yí orí ọmọ ènìyàn, ti ọmọ àgùntàn kò lè ṣòro, etí rẹ̀ nìkan ló gùn.

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó ká apá aṣọ, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìjọba fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó sì dojú bolẹ̀ sínú yìnyín àti ìgbẹ́ àgùntàn. Èmi gbé orí Pulane lé itan. N kò ní parọ́ fún ọ, omi bọ́ lójú mi. Mò ń sọ fún Pulane létí pé kó má lọ, pé ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ọ, n kò tíì dá ọ lóhùn ọ̀rọ̀ kan, kí n tún wá kọ̀wé pé àgùntàn rẹ ti kú sí mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n dákẹ́, ó ní bàbá tó ń sunkún kò wúlò fún aboyún. Ó ń bá Pulane sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, pé rọra, ìyá mi, má tì í báyìí, ó dáa, ó yá, tì í. Ó dijú. Ó ní òun ti rí etí. Ìgbà tó yá ó ní òun ti rí ẹnu. Ó fi ìka méjì di àgbọ̀n ọmọ náà mú, ó ń yí i bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀, orí dé, ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì yọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọṣẹ lọ́wọ́ ẹni.

Kò mí. Ó nà gbalaja. Nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé e mọ́ra, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ fún tiwa. Mo gbá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, mo dìde, mo sì ń fì í yípo bí ẹni tó fẹ́ sọ òkò. Nọ́ọ̀sì pariwo, ó ní mo fẹ́ pa ọmọ. Omi dà jáde nímú rẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀, mo fi pòròpórò koríko rìn ín nímú, kò ṣe nǹkan kan, mo tún rìn ín, Ìyá Tumelo pàápàá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sín! Nthatisi, ó sín, ó gbọn etí, ó sì bínú sí gbogbo wa. Pulane na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Nọ́ọ̀sì gbàgbé ara rẹ̀, ó yọ ọ̀kan nínú fìlà ìjọba, ó fi dé ọmọ náà lórí.

Ìyá rẹ bèèrè pé kí ló bí. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní abo ni. Àfi bí mo ṣe gbọ́ gbòwàà lórí mi. Pheello ló gbé garawa omi ẹṣin, ó dà á lé mi lórí tòun ti yìnyín inú rẹ̀. O mọ àṣà wa, tí àkọ́bí ọkùnrin bá dé, igi ni wọ́n fi ń lọ na bàbá rẹ̀ láti ròyìn fún un, tó bá jẹ́ obìnrin, omi tútù ni wọ́n ń dà lé e lórí. Mo ní Pheello, orí rẹ dà rú, èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀, Pulane kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí! Ó ní òun gba igi lónìí láìbí ọmọ kankan, nítorí náà èmi náà lè gba omi. Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín.

A wọ ilé ìdáná. Ìyá rẹ dá iná ìgbẹ́ màlúù, ó fún nọ́ọ̀sì ní papa gbígbóná àti ẹ̀fọ́, èmi jókòó sídìí iná, eyín mi ń gbá ara wọn. Bí nọ́ọ̀sì ṣe jẹun tán, ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Ó fi gègé fa ìlà gùn lórí orúkọ Pulane, ó fà á lórí ti Seipati, ó ń fà á lọ títí ó fi kan ìsàlẹ̀. Ó wá sinmi gègé, ó ní Ntate, n kò lè gun ẹṣin wákàtí mẹ́rin padà pẹ̀lú ìwé òfìfo. Ó ní ṣé kò tilẹ̀ sí ènìyàn kankan tó lóyún nínú ẹbí yìí ni.

Pheello ń wo òrùlé bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ìyá rẹ ń ro papa tí gbogbo wa ti jẹ tán. Mo rò pé òun ló máa sọ ọ́, mo dúró dè é, kò sọ ọ́. Nígbà náà ni mo ronú kan ara mi. Mo rántí pé mo jókòó sínú yìnyín láti òwúrọ̀, mo ń sunkún lórí Pulane, n kò sì bi í léèrè rárá pé àwọn ẹbí ẹni tó fún un lóyún dà, tàbí màlúù mélòó ni wọ́n mú wá. Mo ní kó má kú, kí ọmọ rẹ̀ yè, ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀. Ọmọ mi tí mo bí ńkọ́?

Mo ní ó wà. Mo ní Nthatisi lorúkọ rẹ̀, Maseru ló wà. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Ó ní ta ni ọkọ rẹ̀. Mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ní níbo ni yóò bímọ sí. Mo ní níbí, nílé ìyá rẹ̀, nínú ilé ìdáná yìí, nídìí iná yìí. Ó ní ta ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀, mo ní ìwọ ni, ọwọ́ rẹ dára. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, òun á sì tẹ̀ lé ọ títí. Ìyá rẹ gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, ó jáde lọ, ó ní èéfín ló wọ òun lójú. Iná wa kò rú èéfín lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, o rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Orúkọ rẹ ti wà níwájú ìjọba, mo sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn lè ṣi ìjọba lọ́nà, bí o kò bá wá, wọ́n á ní àgùntàn ni mo tún kọ. Máa bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wo inú rẹ, kí wọ́n wò ó, bí wọ́n bá fẹ́ wo ojú mi, èmi náà á máa wò wọ́n. Lọ́dún yìí n kò ní bá agbo gun òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Pheello á bá mi kó wọn lọ, ó ní òun á ṣe é bí mo bá ṣèlérí pé n kò ní fi orúkọ òun pe nǹkan kan mọ́.

Ní ti owó, ọmọ mi, mo fẹ́ kí o bá mi fi maloti díẹ̀ ránṣẹ́, torí oògùn pupa ti ń tán, ìṣó kò sí, tábà mi sì ti wà nínú Seipati. Ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù mọ́. Èyí tó o fi sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, òkúta dúdú kan péré ni mo bá níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo fi òkúta ránṣẹ́ sí mi. Fi í rán awakọ̀ tó ń kó irun àgùntàn. Tí kò bá sì ní ju owó ẹ̀ẹ̀kan lọ, gbàgbé ìṣó, gbàgbé tábà, fi wọ ọkọ̀ wálé. Jókòó níwájú, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn máa ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì.

Ọmọ Pulane tìrẹ ni. Ó ń sáré káàkiri pẹ̀lú fìlà rẹ̀, n kò rí i bọ́ lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kó àwọn fìlà tó kù padà, àfi funfun kan tó gbé fún ìyá rẹ. Ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sì ti gba ara ẹ̀wù ilé ìwé rẹ padà lára ọmọ àgùntàn kẹta, ó ń tú òwú rẹ̀, ó fi ń hun nǹkan kan. N kò bèèrè ohun tó ń hun.

Kí Ọlọ́run àwọn baba wa gbé ọ gun òkè yìí láìfẹsẹ̀ kọ. Kí orí ọmọ inú rẹ kọjú síbi tó yẹ kó kọjú sí. Kí o sọ̀ wẹ́rẹ́, kí ọmọ rẹ sín lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ní láti fì í.

Ó ku ohun kan. Ìyá rẹ bi mí ní àárọ̀ yìí pé bí ọmọ bá dé, tí bàbá rẹ̀ kò sí nítòsí, ta ni wọ́n máa na, ta ni wọ́n máa da omi lé lórí. Mo ti ro ó. Igi wà lẹ́nu ọ̀nà, garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ṣì le, orí mi sì ti mọ bí omi náà ṣe ń tutù tó. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o bí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tí ara rẹ̀ kò tíì gbẹ tán.